Ràlí Tó Wà Lọ́dẹ̀dẹ̀: Ọlidé Orí Kẹ̀kẹ́ Láyé Kòkó

Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo lẹ́yìn mi, ẹ má bínú. Oníyanrìn ni mo ti ń gba ohùn yìí sílẹ̀, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ agbo ilé wa gan-an, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa kò sì mọ̀ pé mo ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kà wá dípò kí ẹ gbọ́ wa, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn.

Fídíò kan ló bí ètò tòní. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni pé mo máa ń gé fídíò fún àwọn ẹlòmíràn. Oníbàárà kan gbé fídíò ìrìn-àjò wá pé kí n kọ Yorùbá sí abẹ́ rẹ̀. Ìdílé òyìnbó kan ni: bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Schiermonnikoog, erékùṣù kékeré kan lápá àríwá orílẹ̀-èdè Netherlands, níbi tí wọn kì í ti í gba àlejò láyè láti gbé mọ́tò wọlé. Kẹ̀kẹ́ ni gbogbo wọn ń gùn láti ọjọ́ tí wọ́n débẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n kúrò. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò náà ń tẹnu mọ́ ọn pé ọlidé tí kò rú èéfín nìyí, pé ọ̀nà tuntun nìyí tí ìdílé lè gbà ṣe fàájì láì ba afẹ́fẹ́ jẹ́.

Àlàájà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ń wò ó láti ẹ̀yìn mi. Nígbà tó parí, wọ́n ní, "Àjọkẹ́, kí ló wá tuntun níbẹ̀? Orí kẹ̀kẹ́ ni bàbá wa fi ń gbé wa lọ sí ọlidé títí mo fi ka ìwé mẹ́fà tán." Wọ́n nawọ́ sí ara ògiri. Kẹ̀kẹ́ náà rọ̀ síbẹ̀. Kí wọ́n tó bí mi ló ti wà níbẹ̀: Ràlí dúdú kan, ìjókòó rẹ̀ ti ya, táyà rẹ̀ ti gbẹ bí ẹja kíká. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni bùọ̀dá wa kan ti bá àwọn tó ń ra kọ̀ńdẹ́mù sọ ọ́ pé kí wọ́n wá gbé e, kí owó rẹ̀ kún owó páànù tó ń jò lórí wa. N kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Àlàájà ni mo sọ pé kí wọ́n ṣì ní sùúrù fún mi ná, mo sì gbé máíkù jáde.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí orúkọ rẹ̀. Kí òyìnbó tó gbé ẹ̀rọ yìí dé, a ti ní kẹ̀kẹ́ nílẹ̀ yìí. Kẹ̀kẹ́ òwú ni, èyí tí àwọn ìyá wa máa ń yí láti fi ran òwú. Nígbà tí ohun mìíràn tó ń yí dé, a fún un lórúkọ kan náà, a wá fi ológeere kún un nítorí bó ṣe máa ń yọ̀ gẹẹrẹ lọ lórí ilẹ̀.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò tíì pẹ́ láyé. Ní 1817 ni Karl Drais, ará Jámánì, ṣe èyí tí èèyàn ń jókòó sí tó sì ń fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, kò ní pẹ́dàlì. Ní 1885 ni John Kemp Starley ṣe èyí tó jọ ti òde òní ní Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kò ju ọdún mẹ́ta lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí John Boyd Dunlop, dókítà ẹranko kan ní Belfast, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí táyà tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Ohun tó fà á ni pé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì lórí òkúta. Bàbá kan tó ń wá ìrọ̀rùn fún ọmọ rẹ̀ ló ṣe táyà.

Táyà yẹn ló kọ́kọ́ da kẹ̀kẹ́ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, kò sì dá a pọ̀ lọ́nà tó dára. Láàárín àwọn ọdún 1890, kẹ̀kẹ́ di ohun tí tọkùnrin tobìnrin ń rà nílẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Rọ́bà wá di ohun àwárí. Kẹ̀kẹ́ nìkan kọ́ ló ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn tó ń jẹ ẹ́ jù. Wọ́n ń wá a ní Brazil, wọ́n ń wá a ní Kóńgò níbi tí àwọn ọmọ ogun Ọba Leopold ti ń gé ọwọ́ àwọn èèyàn nítorí rẹ̀, wọ́n sì ń wá a nínú igbó wa níbí. Igi iré ló ní oje náà lára. Ní 1895, rọ́bà tó gba èbúté Èkó jáde lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn ní ìwọ̀n. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ó ti já wálẹ̀ pátápátá, torí pé àwọn tó ń wá oje náà kò jẹ́ kí igi sinmi. Wọ́n ń dá a lára yípo títí yóò fi kú, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń gé e lulẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹni inú fídíò yẹn sọ pé kẹ̀kẹ́ kì í ba nǹkan jẹ́, mo gbà pé kì í rú èéfín. Ìyókù, kí ó lọ bi igi iré.

Ní 1893 ni Ìbàdàn àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Ní 1901 ni wọ́n ṣí ọ̀nà rélùwéè láti Èkó dé ìlú yìí. Láàárín àkókò kan náà ni kòkó ń wọ oko Ìbàdàn díẹ̀díẹ̀. Kòkó ló wá di owó, owó ló sì ń ra kẹ̀kẹ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lè mọ ohun tí kẹ̀kẹ́ ṣe fún wa, ó yẹ kí ẹ mọ bí ará Ìbàdàn ṣe ń gbé. Ìlú àgbẹ̀ ni. Èèyàn lè sọ pé ọmọ Oníyanrìn ni òun, tàbí ọmọ Bẹẹrẹ, tàbí ọmọ ìdí Màpó, kó sì jẹ́ pé abúlé ló ń sùn sí láàárín ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Ilé wà ní ìgboro, oko wà ní abúlé, ẹni kan náà ló ni méjèèjì. Bí ẹ bá ka The City of Ibadan, ìwé tí P. C. Lloyd, Akin Mabogunje àti Bolanle Awe ṣe olótùú rẹ̀ ní 1967, ẹ ó rí bí ìgboro àti abúlé ṣe so kọ́ra. Ọdún ló ń kó wọn wálé: Òkè'badan, Egúngún, Iléyá. Ẹ tún gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa. Ilé yá.

Bàbá Àgbà ra Ràlí yìí ní 1954. Owó kòkó ga gan-an lágbàáyé lọ́dún náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye tí ìjọba ní kí wọ́n san fún àgbẹ̀ kéré sí iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun. Ní oṣù January 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé jẹ́ nǹkan bí 457,000 ní 1954. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n di nǹkan bí 811,000. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà lára àwọn tí wọ́n kó wọlé lọ́dún yẹn, ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ̀lú mi nìyí. Kí ilé ìwé tó dé, ọmọ àgbẹ̀ kò ní ọlidé. Ibi tí bàbá rẹ̀ bá wà ló wà. Ṣùgbọ́n ilé ìwé wà ní ìgboro, oko ṣì wà ní abúlé, ni wọ́n bá fi àwọn ọmọ sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá bàbá wọn ní Oníyanrìn, àwọn òbí sì padà sí oko. Oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́rin, ọmọ lè má rí bàbá rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ọjọ́ tí ilé ìwé bá ti pa ni ojú tó ń wọ́nà. Kòkó ló mú owó tó ra kẹ̀kẹ́ wá, kòkó ló ru púpọ̀ nínú ìnáwó ìjọba tó kọ́ ilé ìwé, ilé ìwé ló ya ọmọ nípá sí bàbá, kẹ̀kẹ́ ló sì ń lọ mú un wá.

Àlàájà ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni pé àná ni. Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá gba ọlidé ni Bàbá Àgbà máa ń dé láti oko. Wọ́n á fi kẹrosíìnì nu ṣéènì, wọ́n á fẹ́ táyà, wọ́n á fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. Kí ìrun àárọ̀ tó parí, ẹrù ti wà ní dídè: búrẹ́dì, iyọ̀, ọṣẹ, àti oògùn ibà láti ọ̀dọ̀ aṣèwòsàn kan ní Agbẹ́ni. Àbúrò wọn máa jókòó sórí irin àárín, ìró tí wọ́n ká sí mẹ́rin lábẹ́ rẹ̀. Àlàájà máa wà lórí kárìà pẹ̀lú ẹrù, ẹsẹ̀ ní títàn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá ko sípókì, ọlidé parí. Àpá rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ àbúrò wọn títí di òní.

Wọ́n á gba Inálẹńdé jáde sí Mọ́kọ́lá. Bí wọ́n bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, gbogbo wọn á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á máa tì í. Ní Ẹlẹ́yẹlé, níbi tí wọ́n ti dí omi ní 1942 kí ìlú lè rí omi ẹ̀rọ mu, wọ́n á sinmi, wọ́n á jẹ díẹ̀ nínú búrẹ́dì. Lẹ́yìn náà ni Ológunẹ̀rú, lẹ́yìn náà ni Ìdó lójú ọ̀nà Èrúwà. Lẹ́yìn Ìdó, ọ̀nà ẹsẹ̀ ni. Igi kòkó pa orí pọ̀ lórí rẹ̀, mọ́tò kankan kò sì lè gba ibẹ̀. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí Àlàájà fi dá erékùṣù yẹn mọ̀ kíá. Abúlé wa kò ní omi yíká, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ kan yóò bá dé ibẹ̀, kẹ̀kẹ́ ni.

Ẹ má sì rò pé eré lásán ni wọ́n ń lọ ṣe. January ni ọdún ilé ìwé máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, December ni ọlidé gígùn, ìyẹn sì bọ́ sí àárín ìgbà kòkó. Wọ́n ń fọ́ kòkó, wọ́n ń sá a, wọ́n ń lé adìẹ kúrò lórí rẹ̀. Wọ́n ń fa omi dídùn inú rẹ̀ lámu títí ètè yóò fi bó. "Ìsinmi wa nìyẹn," Àlàájà sọ fún mi, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. "Bàbá wa wà níbẹ̀. Òun ni ìsinmi náà."

Mo wá béèrè ohun tí mo rò pé kò le. Mo ní, "Ìyá Àgbà ńkọ́? Ibo ni wọ́n ń jókòó sí lórí kẹ̀kẹ́?"

Wọ́n dákẹ́. N kò gé ìdákẹ́ yẹn kúrò, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Ìwọ náà rò ó wò. Ọmọ méjì, ẹrù kan. Ibo ló kù? Ẹsẹ̀ ni ìyá wa fi ń rìn. Bí wọ́n bá wá bá wa ní ìgboro, ọjọ́ tó ṣáájú tiwa ni wọ́n ti máa ń gbéra, ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn. A máa ń bá wọn ní Ológunẹ̀rú nígbà mìíràn. Bàbá wa á tẹ agogo, ìyá wa á yà fún wa, wọ́n á juwọ́ sí wa."

Mo ti gbọ́ ohùn yẹn tó ìgbà mẹ́wàá bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. A yà fún wa, a juwọ́ sí wa. Bàbá Àgbà kì í ṣe èèyàn burúkú o. Gbogbo ẹni tó mọ̀ wọ́n ló ń wí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọdún gorí ọdún, ìyá tó jí pọn omi fún wọn, tó dín àkàrà tí wọ́n ń jẹ lọ́nà, kò gun kẹ̀kẹ́ náà rí títí ó fi kú. Àlàájà fẹ́ kọ́ ọ, wọ́n ní kì í ṣe ohun ọmọbìnrin. Èmi náà, ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn wọn, nígbà tí àwọn ọmọ àdúgbò bá ń háyà kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ Iléyá, tí a ń san ogún náírà fún yíyí àdúgbò po lẹ́ẹ̀kan, ariwo tí wọ́n pa mọ́ mi kì í ṣe kékeré. Mo gùn ún ṣá.

Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà lára Ràlí náà, nọ́ńbà ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Láìsẹ́ǹsì kẹ̀kẹ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn, ẹ ṣí ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ẹ lọ sí ìwé àfikún kẹrin rẹ̀ níbi tí wọ́n ti to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Fífún kẹ̀kẹ́ ní láìsẹ́ǹsì ṣì wà níbẹ̀, òun àti ọkọ̀ ojú omi ọlọ́pọ́n, bárò àti ọmọlanke. Ìjọba ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbowó kẹ̀kẹ́. Ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ yóò gbà ni n kò rí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ẹni tí kì í gbélé, Àjàlá là ń pè é, nítorí orin Ebenezer Obey. Ọlábísí Àjàlá tí a ń wí yìí, kí ó tó fi Vespa rin orílẹ̀-èdè káàkiri, kẹ̀kẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1952, nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, ó gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles, ọ̀nà tó lé ní 2,000 máìlì, tòun ti aṣọ ìbílẹ̀ wa lọ́rùn. Ó wù mí kí gbogbo ẹni tó ń sọ pé kẹ̀kẹ́ jẹ́ ti tálákà lóde òní rántí ìyẹn.

Nítorí ojú tálákà ni wọ́n wá fi ń wò ó nígbà tó yá. Owó epo rọ̀bì wọlé. Ní 1974 sí 1975, owó Udoji bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi ra alùpùpù. Alùpùpù náà di ọ̀kadà, orúkọ tó yá lára ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan. Lẹ́yìn náà ni ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dé, a fi orúkọ Buba Marwa, gómìnà ológun Èkó láti 1996 dé 1999, pè é ní kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà. Bí mo bá dúró ní Ọjà'ba lónìí tí mo sọ pé kẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ wọ̀, kò sí ẹni tí yóò ronú kan Ràlí. Orúkọ pàápàá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní 29 May 2023, wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan tí kò tó 200 náírà kọjá 500. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tí bàbá mi sọ pé, "Bí kẹ̀kẹ́ wa bá ṣì ń rìn ni." Nígbà tí ọ̀rọ̀ Àlàájà wá délẹ̀, a ní ká dán an wò. Iléyá tó kọjá, èmi, bàbá mi àti àbúrò mi ọkùnrin yá kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ mẹ́ta. Ẹ ó rẹ́rìn-ín: ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara tèmi ṣì ń sọ èdè Netherlands. A gbéra láàárọ̀ kùtù láti Oníyanrìn, Àlàájà ní àwọn yóò wọ mọ́tò bá wa níwájú.

A kò dé Ológunẹ̀rú. Títí dé Mọ́kọ́lá, ó dùn. Àwọn èèyàn ń kí wa, àwọn kan ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀ pé ṣé Tinúbú ló fà á. Lẹ́yìn ibẹ̀, ọ̀nà kún. Kò sí etí ọ̀nà tí a lè gbà. Ibi tí kì í bá ṣe kòtò, àwọn ọlọ́jà ni. Nítòsí Ẹlẹ́yẹlé, bọ́ọ̀sì kan yà sọ́tùn-ún lójijì láti gbé èrò, ó ti àbúrò mi sínú gọ́tà. Orúnkún ló bó, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Awakọ̀ náà yọrí, ó ní, "Ta ló ní kẹ́ ẹ gbé nǹkan ọmọdé wá sójú títì?" Bàbá mi kò fèsì. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ àbúrò mi jáde nínú gọ́tà, wọ́n nu ún, wọ́n sì dá pík-ọ́ọ̀pù kan dúró. Bí a ṣe kó kẹ̀kẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́yìn ọkọ̀ tó ń rú èéfín dúdú lọ sí Ìdó nìyẹn. Mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yẹn ni ẹ gbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ètò.

Láti Ìdó wọnú oko, a gun kẹ̀kẹ́. Ọ̀nà ẹsẹ̀ yẹn ṣì wà, ó ti fẹ̀ díẹ̀, púpọ̀ nínú igi kòkó rẹ̀ ti lọ. Àbúrò mi tó ń rojọ́ orúnkún kò rojọ́ mọ́. Bàbá mi ṣáájú, wọ́n ń tẹ agogo kiri bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí a yọ sí abúlé, Àlàájà ti dé ṣáájú wa, wọ́n jókòó lábẹ́ igi ọsàn. Wọ́n wo bàbá mi, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ó jọ wọ́n." N kò mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí nínú àwa méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ńdẹ́mù ti kúrò nílẹ̀. A dá owó páànù jọ lọ́nà mìíràn, kò tíì pé, òjò alẹ́ àná sì tún rí wa. Bùọ̀dá wa ṣì ń bínú díẹ̀, mo sì gbà pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ti Ràlí náà lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ọjà'ba. Ó fọwọ́ ra á lára, ó ní irin rẹ̀ kò ní nǹkan kan, táyà nọ́ńbà 28 ló ń lò, òun sì ní méjì tó rọ̀ lókè. Àlàájà tẹ̀ lé mi lọ. Wọ́n ní kí ó yọ kárìà àtijọ́ yẹn, kí ó jó èyí tó fẹ̀ mọ́ ọn, èyí tí àgbàlagbà lè jókòó sí, kí ó sì fi fóòmù sí i. Mo bi wọ́n pé ta la fẹ́ gbé. Wọ́n ní kí n ṣáà san owó ọkùnrin náà.